Ọkàn Méjì sí Orin Kọ́ńtírì Kì í Ṣe Àléébù

Èrò kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, àti lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń bá wọn gbé níbẹ̀: pé orin òyìnbó ará oko ni orin kọ́ńtírì, orin àwọn tó ń ta àsíá àwọn olówò ẹrú ìhà gúúsù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àti pé adúláwọ̀ tó bá ń gbádùn rẹ̀ ń jó sí ìlù ọ̀tá. Nílé níbí ẹ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn àgbà ń wí. Àwọn tó dàgbà sídìí rédíò mọ Jim Reeves, wọ́n mọ Don Williams, Kenny Rogers àti Dolly Parton bí ẹní mowó. Lójú tiwọn, orin ìtura ni, orin ọmọlúàbí tí kò sí ìsọkúsọ nínú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa tú ìdí ìtàn rẹ̀ wò. Ibì kan ṣoṣo ni apá méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan: wọ́n jọ gbà pé òyìnbó ló ni orin náà. Ẹni tó wá dúró sáàárín wọn, tí orin náà ń wọ̀ lára ṣinṣin, síbẹ̀ tí nǹkan kan ń gún un nínú bó ti ń gbọ́ ọ, ni wọ́n ń bá wí pé kó yan ibi tó máa wà. Èmi kò rí ohun tó ń yàn. Ọkàn méjì tí ẹni bẹ́ẹ̀ ní ni ìdájọ́ tó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ, nítorí ọwọ́ dúdú àti ọwọ́ funfun ló jọ ṣe orin yìí, àwọn oníṣòwò ló sì kọ orúkọ ẹnì kan sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí báńjò. Kò sí onímọ̀ ìtàn orin tó tó bẹ́ẹ̀ tó ń jiyàn mọ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí àwọn erékùṣù Karibíánì àti sí Amẹ́ríkà ló la igbá, tí wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀, tí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ta okùn sí i. Àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ṣì ń ta ọ̀kan lára àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù títí di òní; akonting ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ta á: èékánná ìka kan á gbá okùn gígùn láti òkè wá sísàlẹ̀, àtàǹpàkò á sì ta okùn kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà, tó ń dún láìsinmi lábẹ́ orin. Ẹ wá lọ wo àgbàlagbà òyìnbó kan lórí àwọn òkè Appalachia tó ń ta báńjò bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ta á. Èékánná yẹn náà ni, àtàǹpàkò yẹn náà ni, okùn kúkúrú yẹn náà ni. (Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ló ti wá o; ẹ má jẹ́ ká fi aṣọ aláṣọ yangàn.) Òyìnbó kan ní Virginia tó ń jẹ́ Joel Walker Sweeney kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀, ó sì ń gbé e kiri orí ìtàgé ní àwọn ọdún 1830. Nígbà tó fi máa di 1843, àwọn òyìnbó mẹ́rin ti kun ojú wọn ní dúdú ní New York, wọ́n ń fi báńjò ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ni ín, yẹ̀yẹ́ náà sì gba ìlú kan. Àwọn kan máa ń sọ pé adúláwọ̀ fúnra wọn ló fi báńjò sílẹ̀, kí ni wọ́n wá ń bèèrè? Ohun tí wọ́n bá fi bú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ta ni yóò ṣì máa gbé e kọ́ èjìká?

Fáólìn ńkọ́? Àwọn orin ìtàn gígùn tó ti Scotland àti Ireland wá ńkọ́? Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba èyíkéyìí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú oko ńláńlá ìhà gúúsù, tí olówó ẹrú bá fẹ́ ṣe àríyá, ẹrú rẹ̀ ló sábà máa ń pè kó wá ta fáólìn fún àwọn àlejò. Ọwọ́ ẹrú ni fáólìn ilẹ̀ Yúróòpù àti báńjò ilẹ̀ Áfíríkà ti kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò, orin mìíràn ló ń sọ, kì í ṣe kọ́ńtírì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an ni ọjà. Ní 1920, Mamie Smith, obìnrin adúláwọ̀, kọrin fún ilé-iṣẹ́ Okeh, àwo rẹ̀ sì tà débi pé àwọn oníṣòwò wá rí i pé àwọn dúdú náà ń fowó ra orin. Ní 1923, Ralph Peer tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ sí Atlanta, ó gba orin Fiddlin' John Carson sílẹ̀, àwọn òyìnbó ìgbèríko sì rọ́ lé e. Láìpẹ́, wọ́n pín ìwé ọjà sí méjì: àwo àwọn dúdú lápá kan, àwo àwọn òyìnbó orí òkè àti ti oko lápá kejì. Etí kọ́ ló pín orin náà. Ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí alájàpá bu gààrí àpò kan náà sí igbá méjì, tó sì pe orúkọ méjì fún un. Adúláwọ̀ tó bá gbé fáólìn wá ni wọ́n ń sọ fún pé bùlúùsì, orin arò àwọn adúláwọ̀, ni káwọn gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òyìnbó tó bá kọ bùlúùsì, ìwé kejì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Jimmie Rodgers tí wọ́n ń pè ní baba orin kọ́ńtírì, bùlúùsì ló fi gbajúmọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ó ṣe àwo kan ní Los Angeles tó jẹ́ pé Louis Armstrong ló ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, tí Lil, ìyàwó Armstrong, sì ń tẹ dùùrù. Orúkọ Armstrong kò sí lára àwo náà.

Ìdílé Carter náà wà ńbẹ̀, àwọn tí Peer gba orin wọn sílẹ̀ ní ìlú Bristol ní 1927, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tó gba ti Rodgers. A. P. Carter a máa rìn káàkiri àwọn òkè láti wá orin àtijọ́, ẹni tó sì wá ń bá a rìn ni Lesley Riddle, onígìtá adúláwọ̀ tí ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti gé lẹ́sẹ̀ kan. Carter á kọ ọ̀rọ̀ orin sínú ìwé. Riddle ni yóò gbé ohùn rẹ̀ sórí, tí yóò gbé e délé fún Sara àti Maybelle, obìnrin méjì tó ń kọrin nínú ìdílé náà. Bí wọ́n bá dé agbo ilé adúláwọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Riddle ló ń mú Carter wọlé. Maybelle, tí àwọn onígìtá kọ́ńtírì títí dòní ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kọ́ lára Riddle pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn àwo jáde, A. P. Carter ni wọ́n kọ pé ó ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀tọ́ orin ṣe ń di owó mọ ohun tí ìyẹn já sí. N kò ní pẹ́ lórí Rufus Payne, adúláwọ̀ tó ń kọrin lójú pópó ní Alabama, tí Hank Williams, gbajúmọ̀ olórin kọ́ńtírì, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló kọ́ òun ní gìtá, tàbí Arnold Shultz ará Kentucky tí Bill Monroe, gbajúmọ̀ mìíràn, kọ́ lára rẹ̀. Àwọn olórin kò fi í pamọ́. Ọjà ló fi í pamọ́.

Ìtàn DeFord Bailey ni kí ẹ bá mi dúró lé lórí díẹ̀. Ọmọ Tennessee ni, wọ́n bí i ní 1899, àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré, kò sì ga ju ọmọ ọ̀dọ́ lọ títí ó fi dàgbà. Hàmóníkà, fèrè kékeré tí wọ́n ń fi ètè fà káàkiri, ló mọ̀ ọ́n fọn. A máa fi pe ọkọ̀ ojú irin: bó ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tó ń gòkè, bó ti ń sáré, bí fèrè rẹ̀ ṣe ń ké tí á sì máa jìnnà lọ. Ní 1927, orí ètò ọjọ́ Sátidé ilé-iṣẹ́ rédíò WSM ní Nashville ni, lẹ́yìn tí Bailey fọn orin ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ tán, ni George Hay tó ń darí ètò náà ti fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Grand Ole Opry. Ẹ kíyè sí i: ilé tí wọ́n kà sí tẹ́ńpìlì orin kọ́ńtírì, ẹsẹ̀ adúláwọ̀ ló gba orúkọ lé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Victor kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wá gba orin sílẹ̀ nínú ìlú Nashville ní 1928, Bailey wà lára àwọn tí wọ́n gbà. Tí ẹgbẹ́ Opry bá jáde lọ ṣeré, orúkọ rẹ̀ ló ń fa èrò. Roy Acuff tó wá di ọba ibẹ̀ bá a rìn nígbà tí òkìkí tirẹ̀ kò tíì kàn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn yòókù sùn kì í gbà á. Ní 1941 wọ́n lé e. Wọ́n ní àríyànjiyàn owó ẹ̀tọ́ orin ti sọ àwọn orin tó mọ̀ di ohun tí rédíò kò gbọdọ̀ lò mọ́, kò sì fẹ́ kọ́ tuntun. Ó padà sí Nashville kan náà, ó ń nu bàtà fún àwọn ènìyàn. Ó kú ní 1982. Ní 2005 ni wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá orin kọ́ńtírì.

Ẹni tó bá kórìíra orin náà á ní ẹ̀rí tí mò ń kó sílẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ fún òun: olè ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ẹrù olè sílẹ̀ fún olè. N kò rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí, pé kí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i pé tiwọn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ọjà tí wọ́n pín sí méjì ní àwọn ọdún 1920, ìgbà tí adúláwọ̀ bá gbà pé kò sí orúkọ òun nínú èyí kejì ni ó tó ṣẹ pátápátá. Ray Charles kò gbà. Ní 1962, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n mọ́ orin ọkàn, odidi àwo orin kọ́ńtírì ló ṣe, ó sì wà lára àwọn tó tà jù lọ láyé rẹ̀. Charley Pride kò gbà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo RCA ń kó àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ní 1966, wọn kò fi àwòrán rẹ̀ sí i, kí wọ́n má baà ti mọ àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ́ńtírì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù. Àwọn kan ń fi Pride yìí kan náà ṣe ẹ̀rí pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀. Kí wọ́n bá wa ka ọdún: láti ìgbà tí Pride wà ní ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin kọ́ńtírì kẹ́yìn ní 1983, àfi ní 2008 tí Darius Rucker débẹ̀ ni adúláwọ̀ mìíràn tó ń dá kọrin tún tó débẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìlẹ̀kùn tó ṣí fún ẹnì kan láàárín ìran kan, ẹni tó ń tì í mọ ohun tó ń ṣe.

Àtakò tó lágbára jù kò sí nínú ìtàn àtijọ́, inú orin òní ló wà. Ní 2023, olórin kọ́ńtírì Jason Aldean ya fídíò orin kan níwájú ilé ẹjọ́ ìlú Columbia ní Tennessee, orin tó ń halẹ̀ mọ́ àwọn ará ìgboro pé kí wọ́n wá dán an wò ní ìlú kékeré. Ilé ẹjọ́ yẹn ni àwọn jàǹdùkú so Henry Choate, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀, rọ̀ sí ní 1927, láìsí adájọ́ láìsí ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan yọ fídíò náà kúrò, síbẹ̀ orin náà gòkè dé ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. N kò ní àwáwí kankan fún èyí, n kò sì ní wá ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi orin kan dájọ́ fún gbogbo rẹ̀, kí ó ka ìyókù pẹ̀lú. Johnny Cash lọ kọrin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Folsom ní 1968, ó sì ti fi odidi àwo jà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1964. Merle Haggard tó fi orin bú àwọn ọ̀dọ́ alátakò ogun ní 1969 náà ló kọ orin nípa òyìnbó tó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin adúláwọ̀, ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀ kò sì fẹ́ kó gbé e jáde. Loretta Lynn, ọmọ awakùsà ẹ̀édú ní Kentucky, kọrin nípa oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní 1975, ọ̀pọ̀ rédíò sì kọ̀ ọ́. Ní 2003, nígbà tí Natalie Maines ti ẹgbẹ́ Dixie Chicks sọ lórí ìtàgé ní London pé ojú ń ti àwọn pé ìpínlẹ̀ Texas ni ààrẹ Bush ti wá, rédíò kọ́ńtírì káàkiri Amẹ́ríkà dẹ́kun orin wọn. Òyìnbó pọ́ńbélé ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹnu ọ̀nà yẹn kì í wo àwọ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ba ọjà jẹ́ ni.

Ì bá rọrùn kí n dúró síbẹ̀, kí n ní orin dára, iléeṣẹ́ ló burú. Irọ́ díẹ̀ ni ìyẹn náà máa jẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan ló fipá mú àwọn olùgbọ́ tó kó àwo Dixie Chicks sílẹ̀ kí ọkọ̀ katakata gorí wọn, àwọn fúnra wọn ló ṣe é. Àwọn tó ra orin Aldean fi owó ara wọn rà á. Ohun tí ọjà gbìn ní 1923 ti hù nínú ọkàn àwọn ènìyàn, ó sì ti so èso. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹni tó ní ká gbádùn orin náà ká má ṣe bèèrè nǹkan kan. Ohun tó ń gún ni nínú yẹn, ìmọ̀ ni.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa àti orin ọmọlúàbí wọn. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí ọ̀rọ̀ inú orin kọ́ńtírì dáadáa, ọtí ni, àgbèrè ni, ìkọ̀sílẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ni, ìpànìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn Jim Reeves tó tutù pẹ̀sẹ̀ ló jẹ́ kó dà bíi pé orin ìsìn ni gbogbo rẹ̀. Ohùn yẹn pàápàá ní ìtàn. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Chet Atkins, tó ń darí gbígba orin sílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nashville rí i pé rock and roll ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Kí orin kọ́ńtírì lè tà fún àwọn ará ìgboro, wọ́n yọ báńjò, wọ́n dín fáólìn oko kù, wọ́n fi àkójọ fáólìn onílé ńlá àti àwọn agberin olóhùn dídùn rọ́pò wọn. Orin Jim Reeves tó jáde ní 1959 tó gbé e kiri ayé, nínú agbada yẹn ni wọ́n ti dín in. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó dé etí wa níbí rí. Àwọn àgbà tó ń sọ pé òyìnbó ló ni orin náà kò purọ́ nípa ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ti yọ ohun tí ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ ìbátan wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó dì í ránṣẹ́.

Àwọn olórin wa kò sì tẹ̀ lé ààlà yẹn rí. Gìtá onírin tó ń ké fọ̀ọ̀ nínú orin kọ́ńtírì, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ darí, àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀; Nashville gbà á lọ́wọ́ wọn, King Sunny Adé sì gbé e wọ inú jùjú. Demola Adepoju ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un, ẹni tó bá sì gbọ́ àwo *Juju Music* ti 1982 mọ ibi tó ti ń wọlé láàárín dùndún àti gìtá. Nígbà tí olórin Amẹ́ríkà Paul Simon ń ṣe *Graceland* ní 1986, Adepoju ló pè kó wá tẹ gìtá yẹn nínú orin tó sọ àwo náà lórúkọ. Ta ló bi Sunny Adé pé orin ta ni? Kò sí.

Nítorí náà ni mo ṣe fara ya sí bí àwọn oníròyìn ṣe kọ̀wé ní 2024 pé Beyoncé "wọ" orin kọ́ńtírì, bí ẹni pé àlejò kan ń kanlẹ̀kùn ilé onílé. Ọmọ Houston ní Texas ni. Rhiannon Giddens, adúláwọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé báńjò padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ló ta á nínú orin tó mú Beyoncé di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin kọ́ńtírì ìwé ìròyìn Billboard. Ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ́ńtírì kò dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ kankan lọ́dún náà. Àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún un ní ti àwo kọ́ńtírì tó dára jù ní 2025. Ní 2019, Billboard yọ orin Lil Nas X, ọ̀dọ́ adúláwọ̀ kan, kúrò lórí àtẹ kọ́ńtírì, wọ́n ní kò kọ́ńtírì tó. Orin náà lo ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ní òkè àtẹ gbogbogbòò. Ẹni tó tún lo ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún níbẹ̀ ní 2024 ni Shaboozey, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n bí ní Virginia, ìpínlẹ̀ kan náà tí Sweeney ti kọ́ báńjò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀. Àwọn kan ń sọ pé fìlà kábọ́ọ̀ì lásán ni àwọn ọmọ yìí dé. Fìlà kábọ́ọ̀ì kọ́ ni Jim Reeves náà fi kọrin, aṣọ ìgboro ló wọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó jáde.

Ẹ̀yin tó ń darí ètò orin àtijọ́ lórí rédíò wa, ọ̀rọ̀ mi kù sọ́wọ́ yín. Nígbà míì tí ẹ bá ti fi Jim Reeves sí i tán, ẹ fi Charley Pride tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ fi hàmóníkà DeFord Bailey sí i, kí ẹ sì sọ fún àwọn olùgbọ́ yín ẹni tó jẹ́ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò ba adùn orin jẹ́ fún wọn. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹ á ṣì máa nífẹ̀ẹ́ ẹ, wọ́n á kàn mọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.